Ògbólógbòó Aṣọ Kì í Ṣe Àkísà: Bí Ẹ̀wù Àtijọ́ Ṣe Ń Di Àrà Tuntun ní Òṣogbo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa òwe yìí láti fi bọ̀wọ̀ fún ìrírí àwọn tó ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n òwe náà tún sọ ohun kan nípa aṣọ fúnra rẹ̀: àgbà kì í ṣàdédé da aṣọ nù. Aṣọ tó bá ti gbó lára rẹ̀ a wọ inú àpótí lọ, a sì dúró de ọjọ́ tí yóò tún wúlò. Lóde òní, ohun tó wà nínú àwọn àpótí wọ̀nyẹn, àti ohun tó wà nínú òkìtì òkìríkà lọ́jà, ti di ohun èlò fún iṣẹ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n á mú ògbólógbòó aṣọ, wọ́n á tú u, wọ́n á rẹ ẹ́ láró tàbí kí wọ́n tún un gé, yóò sì jáde ní ẹ̀wù tuntun tó ní àrà irú èyí tí àwọn gbajúgbajà aránṣọ ayé ń dá.

Iṣẹ́ yìí bá àdúgbò Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo mu gan-an. Ibẹ̀ ni olú-ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní 2006. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, oge a máa pọ̀ níbẹ̀, owó a sì máa wọ́n. Ẹni tí kò lágbára àtira aṣọ olórúkọ ńlá lè rí ẹ̀wù tó jọ ọ́ lára aṣọ méjì tó ti gbó, bí ó bá ṣá ti rí aránṣọ tó mọṣẹ́. Àdúgbò náà sì wà nínú ìlú tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ aró. Oníbàárà àti ọgbọ́n ọwọ́ kò jìnnà síra wọn níbẹ̀.

Síbẹ̀, ewu wà nínú iṣẹ́ náà. Aṣọ tuntun tí télọ̀ bà jẹ́ ṣe é lọ rà padà lọ́jà. Ògbólógbòó sányán tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ kò ṣe é rà padà, nítorí pé ẹni tó hun ún lè ti kú, òwú tí wọ́n fi hun ún sì ti ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, àti ẹni tó fẹ́ gbé aṣọ rẹ̀ fún un, mọ orísun rẹ̀ àti ìlànà rẹ̀, kí wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí sísọ́ọ̀sì dúró.

Ìlú aró

Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo kò yọ ìkòkò aró sílẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ń ṣán igbó létí odò Ọ̀ṣun láti tẹ ìlú dó, igi kan wó lu omi, ohùn kan sì jáde láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Igbó Ọ̀ṣun tí ìtàn yìí so mọ́ ni àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Títí di òní, ẹni tó bá ń ki Òṣogbo kò lè ṣe kó má dárúkọ aró.

Iṣẹ́ aláró kò sì mọ sórí aṣọ tuntun. Aṣọ tó bá ti ṣá, tí ojú rẹ̀ ti kú, tàbí tí àbàwọ́n ti bà jẹ́, ìkòkò aró ni wọ́n ń gbé e lọ kí ó lè tún padà di aṣọ òde. Ewé elú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá gbẹ. Wọ́n á sẹ́ omi láti ara eérú, wọ́n á da elú sínú omi náà, yóò sì wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Bí wọ́n bá ti aṣọ bọ inú rẹ̀ tí wọ́n sì fà á jáde, àwọ̀ rẹ̀ a kọ́kọ́ dà bí ti ewé. Atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di aró. Iye ìgbà tí aṣọ bá wọ ìkòkò ni yóò sọ bí yóò ti dúdú tó. Aṣọ tó ti ṣá lè tipa bẹ́ẹ̀ dúdú ju ìgbà tó wà ní tuntun lọ.

Àdìrẹ tún fi ọgbọ́n kún un. Nínú àdìrẹ oníko, wọ́n ń fi ìko so aṣọ. Nínú alábẹ́rẹ́, wọ́n ń fi òwú rán an pọ̀. Nínú ẹlẹ́kọ, wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí i kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí àbàwọ́n wà lára ògbólógbòó aṣọ lè ṣètò kí ibi tó dúdú bọ́ sí orí àbàwọ́n náà, kí ibi tó funfun sì bọ́ sí ibi tó mọ́. Susanne Wenger, tó dé Nàìjíríà ní 1950 tó sì kú sí Òṣogbo ní 2009, lo ọgbọ́n àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti ya àwòrán ńláńlá sórí aṣọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, tí iṣẹ́ ọnà sì gbilẹ̀ nínú ìlú, bátíìkì, tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe dípò ẹ̀kọ, wà lára ohun tó sọ àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ di olókìkí. Ní 1983, Nike Davies-Okundaye dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ àdìrẹ àti bátíìkì. Ọ̀dọ́ tó bá ń pa jíìnsì àlòkù láró ní Òṣogbo lónìí kò dá àṣà tuntun sílẹ̀. Ó kàn ń bá èyí tó bá nílẹ̀ lọ ni.

Ìgbà tí aṣọ wọ́n bí ojú

Kí aṣọ tó di ohun tí ó kún ìgboro, owó ńlá ni. Ìtàn àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi èyí hàn. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, tí òkìkí wọn kàn ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, a máa gbé aṣọ kiri ìlú àti abúlé, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì padà wá gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ń sún ọjọ́ síwájú, oníṣòwò a ní òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Aṣọ tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù san owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ààtàn nítorí pé etí rẹ̀ ya. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á gé ìró sí ìborùn, wọ́n á gé ẹ̀wù àgbà sí ti ọmọdé, èyí tó bá kù á di ọ̀já.

Ẹ̀kù egúngún tún jẹ́ ẹ̀rí ńlá. Aṣọ lórí aṣọ ni wọ́n fi ń rán an. Bí ọdún bá ti ń yí po, ìdílé a máa fi tuntun kún ti àtijọ́ láìju ti àtijọ́ nù. Ọ̀kan lára irú ẹ̀kù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rán ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín nǹkan bí 1920 sí 1948, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn Museum ní New York báyìí. Nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní 2019, wọ́n ṣàlàyé pé ó lé ní 300 aṣọ, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà, tó wà lára ẹ̀kù kan ṣoṣo náà. Kó tó di pé àwọn aránṣọ òkè òkun ń fi ìrépé aṣọ ṣe ẹ̀wù olówó iyebíye, Yorùbá ti ń tò ó lé ara wọn fún àwọn ará ọ̀run.

Ní ti oge, orúkọ tí kò ṣe é fò ni ti Shade Thomas-Fahm, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ aṣọ ní London, tó padà sí Nàìjíríà ní 1960, tó sì ṣí ilé ìtajà aṣọ rẹ̀ ní Èkó. Ó sọ agbádá ọkùnrin di bùbù obìnrin tó kún fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ó fi sípì sí ìró. Ó sì rán gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tí a kàn ń dé bí fìlà. Ohun tó ṣe jẹ́ ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ tí à ń sọ yìí: kò dìgbà tí aṣọ bá jẹ́ tuntun kí àrà tó tuntun.

Òkìríkà àti àwọn tó sọ ọ́ di oge

Ohun èlò tó wọ́pọ̀ jù lọ fún iṣẹ́ yìí báyìí ni òkìríkà. Orúkọ Okrika, ìlú èbúté kan ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ni wọ́n fi ń pe aṣọ àlòkù tó ń ti òkè òkun wá. Àwọn mìíràn ń pè é ní bósíkọ́nà. Òfin Nàìjíríà ka kíkó o wọlé léèwọ̀, síbẹ̀ ó ń gba ẹnubodè wọlé, ó sì ń dé ọjà gbogbo ìlú. Ní Gánà, ọjà Kantamanto ní Accra ni ojúkò rẹ̀. Àjọ The Or Foundation, tó ń bá àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 15 ẹyọ aṣọ ló ń wọ ọjà náà lọ́sẹ̀ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025, iná jó apá tó pọ̀ jù nínú ọjà yìí. Púpọ̀ nínú aṣọ tó ń wọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti ya, ó ti ṣá, tàbí kó tóbi ju ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ lọ, ààtàn àti etí òkun ni ó sì ń gbẹ̀yìn sí. Lára irú aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ní rà bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ ti ń rí èrè.

Àwọn ọmọ Áfíríkà ló wà lára àwọn tó fi èyí han ayé. Lamine Kouyaté, ọmọ Bamako ní Mali, dá ilé aṣọ Xuly Bët sílẹ̀ ní Paris ní ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1990. Aṣọ àlòkù ló ń tú tó sì ń tún rán, òwú pupa ló sì ń fi rán an sí gbangba, tí ojú ìrán náà fi di ẹwà aṣọ dípò ohun tí à ń fi pamọ́. Amah Ayivi, ọmọ Tógò, ń ṣa aṣọ ní ọjà Hédzranawoé ní Lomé, ó sì ń tà á fún àwọn ọlọ́lá ní Paris lábẹ́ orúkọ Marché Noir. Bobby Kolade, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ń tún àlòkù rán ní Kampala ní Uganda. Ní 2022, ó pe àkójọ ẹ̀wù rẹ̀ ní Return to Sender, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ẹrù padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. Nínú ilé níbí, Nkwo Onwuka ń gé ìrépé aṣọ àti jíìnsì sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń so wọ́n pọ̀ di aṣọ tí ó pè ní Dakala, tí ìrísí rẹ̀ mú ènìyàn rántí aṣọ òkè. Ní 2025, Lagos Fashion Week, tí Ọmọyẹmí Akérélé dá sílẹ̀ ní 2011, gba ẹ̀bùn àgbáyé Earthshot Prize lábẹ́ ìsọ̀rí tó dá lórí dídín ìdọ̀tí kù nínú ayé.

Ìlànà iṣẹ́ náà

Àyẹ̀wò ló ṣáájú. Aránṣọ tó mọṣẹ́ yóò gbé aṣọ sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn; ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń là kọjá ju ibòmíràn lọ ti fẹ́lẹ́, kò sì gbọdọ̀ bọ́ sí èjìká, abíyá tàbí ìdí. Yóò fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ náà díẹ̀. Bí ó bá ń dún pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, òwú rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn èyí, yóò yọ fọ́nrán òwú kan, yóò fi iná kàn án. Bí ó bá jó bí ìwé tó sì fi eérú múlọ́múlọ́ sílẹ̀, òwú gidi ni, yóò sì gba aró. Bí ó bá yọ́ tó sì di kókó líle, poliẹ́sítà ni. Aró elú kò ní mú un, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sì dára fún gígé àti rírán nìkan.

Fífọ̀ ló tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó fi aṣọ tuntun mọ́ ògbólógbòó, dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọ tuntun náà, nítorí pé aṣọ òwú tuntun a máa súnkì bí omi bá kàn án. Àwọn tó ń ka Bíbélì yóò rántí pé Ìwé Mátíù orí 9 sọ̀rọ̀ lórí ewu fífi aṣọ tuntun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù. Ohun tí ojú aránṣọ ń rí lójoojúmọ́ ni. Wọ́n á tún fi aṣọ funfun tútù nu aláwọ̀. Bí àwọ̀ bá yọ́ sára funfun náà, kò yẹ kí wọ́n rán an mọ́ aṣọ tó mọ́ títí wọn yóò fi fọ̀ ọ́ tó.

Títú ló gba sùúrù jù. Abẹ́ kékeré tàbí ohun ìtúṣọ ni wọ́n ń lò, kì í ṣe pé kí wọ́n fà á ya. Ibi tí wọ́n ti tú yóò fi ojú àwọ̀ aṣọ náà nígbà tó wà ní tuntun hàn; ìlà tó dúdú yìí kì í lọ bọ̀rọ̀, nítorí náà aránṣọ ọlọ́gbọ́n yóò gbé ojú ìrán tuntun lé e tàbí kí ó sọ ọ́ di ọnà.

Bí oníbàárà bá mú àwòrán ẹ̀wù olórúkọ wá, ohun mẹ́ta ni aránṣọ ń wá nínú rẹ̀: ibi tí ẹ̀wù náà ti fún àti ibi tó ti ṣò, ibi tí ojú ìrán gbà, àti ohun kan ṣoṣo tó fa ojú ènìyàn mọ́ra, ìbáà ṣe kọ́là, apá, tàbí bọ́tìnì. Mẹ́ta yìí ni yóò gbé bọ́ sórí bátànì. Ìwé ìròyìn àtijọ́ dára fún gígé bátànì. Wọ́n á tò ó sórí aṣọ tí wọ́n ti tú, wọ́n á sì máa yí i títí yóò fi yẹra fún ihò àti àbàwọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ aṣọ náà láró, kí wọ́n rẹ ẹ́ kí wọ́n tó gé e sí ìwọ̀n ara. Bí wọ́n bá rán an tán kí wọ́n tó rẹ ẹ́, òwú poliẹ́sítà tí wọ́n fi rán an kò ní gba aró, ìlà funfun yóò sì hàn káàkiri. Fún jíìnsì, abẹ́rẹ́ maṣíìnì nọ́ńbà 16 ló yẹ; tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ṣẹ́.

Ti aṣọ òkè yàtọ̀. Pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni wọ́n ń hun, kí wọ́n tó rán wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fẹ́ sọ agbádá àtijọ́ di jákẹ́ẹ̀tì obìnrin kò ní kọ́kọ́ gé e; yóò tú u ní ojú ìrán kí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan lè jáde ní odidi. Yóò to àwọn tó le síwájú àti èjìká, yóò fi àwọn tó fẹ́lẹ́ sí ibi tí kò ní wàhálà, yóò sì fi aṣọ fúlẹ́fúlẹ́ tẹ́ inú rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ó gé e, kí ó kọ́kọ́ rán maṣíìnì yí ẹ̀gbẹ́ ibi tó fẹ́ gé ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òwú rẹ̀ yóò máa tú. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àyà agbádá náà kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì ni ibi tó ti ń yọ jù.

Àrà ni à ń yá, kì í ṣe orúkọ

Ìyàtọ̀ wà láàárín kí aránṣọ wo àrà ẹlòmíràn kọ́ ọgbọ́n àti kí ó lẹ àmì ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èkíní ni gbogbo aránṣọ ayé ń ṣe. Èkejì jẹ́ ayédèrú, òfin sì dè é. Bí aránṣọ bá gé àmì olórúkọ láti ara òkìríkà, tó wá rán an mọ́ ẹ̀wù tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ó ti tan oníbàárà jẹ, ó sì ti fi iṣẹ́ ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀wù tí wọ́n fi àdìrẹ Òṣogbo àti aṣọ òkè ṣe yẹ kó jẹ́ orúkọ aránṣọ rẹ̀.

Ibi tí sísọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dúró

Kì í ṣe gbogbo ògbólógbòó aṣọ ló yẹ ní gígé. Aṣọ tó bá jẹ́ ti orò tàbí ti egúngún ní àwọn onílé tó ni ín. Aṣọ òkè tí olóògbé fi sílẹ̀ jẹ́ ogún gbogbo ọmọ. Kò yẹ kí ọmọ kan ṣoṣo gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ láìjẹ́ pé àwọn yòókù fohùn ṣọ̀kan. Bí sányán, àlàárì tàbí etù bá ṣì wà ní odidi, tí kò sì ya, ó sàn kí wọ́n fi pamọ́ tàbí kí wọ́n wọ̀ ọ́ bó ṣe wà. Etù ni baba aṣọ. A kì í sọ baba di ìrépé nígbà tí ó ṣì lè dìde. Èyí tó ti ya, tí kòkòrò ti jẹ apá kan rẹ̀, ni ti aránṣọ, kí ìyókù má bàa bá a ṣègbé.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ọ̀pọ̀ oníbàárà rò pé nígbà tó jẹ́ pé àwọn ló mú aṣọ wá, tó sì ti gbó, owó iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ẹni tó ń rán aṣọ tuntun kò ní ohun tí yóò tú, kò ní àbàwọ́n tí yóò yẹra fún, kò sì ní pẹlẹbẹ tí yóò máa tò bí ẹni ń to ẹ̀rí. Nítorí náà, ó yẹ kí aránṣọ àti oníbàárà jọ ṣírò wákàtí títú, owó aró, owó aṣọ ìtẹ́nú àti owó rírán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lé e lórí kí abẹ́ tó kan aṣọ. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀, aláró a rí tirẹ̀ gbà, aránṣọ a rí tirẹ̀ gbà, aṣọ tí ààtàn ìbá gbé mì á sì tún jáde lọ sí òde àríyá.